Ìpáàrà Abẹ́ Ọ̀dà: Amánà Ẹni Tí Ń Sọ Ọkọ̀ Àtijọ́ Di Ọ̀tun

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Wásinmi, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ní orúkọ Ọlọ́run, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní irin, tí Ó sì fún un ní ọgbọ́n tí yóò fi lò ó. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Àkòrí ọ̀rọ̀ òní lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìrun, ààwẹ̀ tàbí sàká ni àwọn ènìyàn sábà máa ń retí ní irú ìjókòó báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin tó ti dógùn-ún ni ti òní, irin ara ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ tí ẹnìkan fẹ́ sọ di ọ̀tun. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lọ́dọ̀ wẹ́dà, lọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń kun ọkọ̀, láti Ifọ̀ àti Ìtòrì títí dé Lafẹ́nwá. Ibi iṣẹ́ tí ènìyàn wà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀sìn rẹ̀ ti máa ń hàn jùlọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò dáhùn: kí ni ìpáàrà ń ṣe sí ọkọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń mú un kúrò bí ó ti yẹ, àti ara ta ni iṣẹ́ náà ń jẹ bí wọ́n kò bá ṣe é bí ó ti yẹ?

IRIN OJÚ Ọ̀NÀ WÁSINMI

Ẹni tó bá dàgbà ní Wásinmi kì í ṣe àjèjì sí irin. Ọ̀nà ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba ìlú yìí kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wo irú ojú irin bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò ṣàkíyèsí ohun kan: orí irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀ a máa dán bí fàdákà, ṣùgbọ́n ìhà rẹ̀ méjèèjì a máa pọ́n rúsúrúsú. Irin kan náà ni, òjò kan náà ló sì ń pa á. Bí ọkọ̀ bá dẹ́kun àtimáa gba ibẹ̀, kò ní í pẹ́ tí orí irin náà pẹ̀lú yóò fi pọ́n.

Ojú irin nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìpáàrà kò fi lè tètè ṣe é ní jàǹbá. Ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Ìpáàrà tí ojú irin lè gbé sára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmira, ó lè lu ilẹ̀ ọkọ̀ já ní ọdún díẹ̀.

Ìpáàrà kì í ṣe ìdọ̀tí tó ti ìta wá lẹ̀ mọ́ irin. Irin fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Nígbà tí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá pàdé lára rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí irú erùpẹ̀ pupa tí wọ́n ti yọ ọ́ jáde nígbà tí wọ́n wà á nínú ilẹ̀. Iyọ̀ a sì máa mú un yára. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń gbé etí òkun fi máa ń tètè jẹrà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ọkọ̀ Tòkunbọ̀ dára nítorí pé ó ń dán. Ní ìgbà òtútù, ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù àti ní Àríwá Amẹ́ríkà a máa da iyọ̀ sí títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn a máa ta sí abẹ́ ọkọ̀, a sì máa sá sínú àwọn kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò tó. Ó lè bá ọkọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi, kó bá a dé èbúté Kùtọnu tàbí ti Èkó, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ òjò ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ohun kan tún wà nínú ìwà ìpáàrà: ó máa ń wú. Ó gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń ti ọ̀dà sókè bí ìléròrò. Nígbà tí ìléròrò kékeré bá yọ lójú ọ̀dà, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ ju ohun tí ojú rí lọ.

ÌJÀPÁ ÀTI ỌMỌ ÌYÁ RẸ̀

Àwọn àgbà rántí ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, lórí ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ásíìdì tó bá kán láti ara bátìrì, àti omi òjò tó bá gba ẹnu ìlẹ̀kùn wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ìjàpá tó bá ti gbó, èrò ẹ̀yìn lè máa wo títì láti inú ihò abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìjàpá ní ọmọ ìyá kan tó jẹ́ arẹwà, ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ń pè ní Karmann Ghia. Láti 1955 títí di 1974 ni wọ́n fi ṣe é ní ìlú Osnabrück ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ará Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ rẹ̀, ti Ìjàpá ni. Ẹwà rẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de mọ́gáàdì Ìjàpá mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ yóò tú u, yóò sì de òmíràn. Ti Karmann Ghia, ńṣe ni wọ́n jó o pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ dán ojú ibi tí wọ́n ti jó o títí tí ojú kò fi rí oríkèé rẹ̀ mọ́. Bí ìpáàrà bá wọ ibẹ̀, gígé ni yóò gbà.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ eré ìje mọ ọ̀tá yìí dáadáa. Ní 1953, ilé iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé Corvette jáde, tí ara rẹ̀ kì í ṣe irin rárá: òwú dígí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle mú pọ̀ ni. Síbẹ̀, irin ṣáásì tó gbé e ṣì ń dógùn-ún. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì bo irin ara 911, nítorí pé síńkì a máa jẹ ìyà tó yẹ kí irin jẹ. Ní 1981, DeLorean jáde pẹ̀lú awọ irin tí kì í pọ́n, ṣùgbọ́n irin lásán tí wọ́n kùn lọ́dà ni ṣáásì rẹ̀, ìpáàrà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ibi tí omi bá ti rí àyè dúró, irin kò ní ìsinmi.

Ẹ̀TÀN TÓ WÀ LÁBẸ́ Ọ̀DÀ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú igbó tí wọ́n pa á tì sí. Ó fẹ́ kí ó dán, kí ó sì tà á. Oníṣẹ́ tí ó bá lọ bá ní ọ̀nà méjì níwájú. Ọ̀nà kìíní yá, owó rẹ̀ sì kéré: kí wọ́n fi òòlù lu páànù wọlé, kí wọ́n di ihò pẹ̀lú pútì, kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n sì da ọ̀dà pupa lé e. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ náà yóò máa tàn bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá rà á yóò kí ara rẹ̀ kú oríire. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, ìléròrò yóò yọ.

Bí ó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni ó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ìpáàrà fẹ́ràn jù ni àwọn ibi tó ń gba ẹ̀mí là: ibi tí wọ́n de ìgbànú àga mọ́, ibi tí jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè, ẹsẹ̀ ibi tí irin táyà so mọ́ ara ọkọ̀, àti páìpù tí òróró bíréèkì ń gbà. Pútì kò lè di ìgbànú mú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; ilé yìí sì ń sáré lórí títì, ọmọ ọlọ́mọ sì wà nínú rẹ̀.

Gbogbo Mùsùlùmí ló ti gbọ́ ìtàn òkìtì oúnjẹ tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, rí nínú ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì bá omi nísàlẹ̀. Ọlọ́jà náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sórí kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé atannijẹ kì í ṣe ara àwọn ènìyàn òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi nítorí òjò. Òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ìpáàrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ni ọkọ̀. Bíbò ó mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá mọ àlébù ọjà rẹ̀, ojúṣe rẹ̀ ni láti sọ ọ́.

Kò túmọ̀ sí pé pútì fúnra rẹ̀ burú. Oníṣẹ́ rere a máa lò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí irin tó ti mọ́ tó sì lera, láti fi tẹ́ ojú ibi tó rí gbágun. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi di ihò ni ó di irọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ sì lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó mú òòfà kékeré, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ó sì máa fi kan etí ìlẹ̀kùn, abẹ́ mọ́gáàdì àti etí ilẹ̀ ọkọ̀. Ibi tí irin bá wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí pútì bá nípọn, yóò jábọ́. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó sì wo abẹ́ ọkọ̀ ní ojúmọmọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

FÍFẸ́ YANRÌN LU IRIN

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kí wọ́n ṣí gbogbo ìpáàrà kúrò títí dé irin tó lera, kí wọ́n gé èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n jó irin tuntun sí i, kí wọ́n tó kun ohunkóhun. Láti ṣí ìpáàrà bẹ́ẹ̀, ohun èlò kan wà tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ní 1870, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Benjamin Tilghman gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó hùmọ̀ láti máa fi afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ yanrìn lu ohun líle. Kọ̀mpẹ́résọ̀ ni yóò pèsè afẹ́fẹ́. Ìkòkò irin kan yóò gbé yanrìn. Rọ́bà gígùn yóò gbé méjèèjì dé ẹnu kékeré kan tí òṣìṣẹ́ dì mú. Ìpáàrà tí ènìyàn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha fún odindi ọjọ́, afẹ́fẹ́ yìí lè gbá a lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àní nínú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé.

Ṣùgbọ́n agbára láìsí ìmọ̀ a máa ba nǹkan jẹ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Irin tó nípọn ni ọ̀nà yìí bá mu jù: ṣáásì, apá tó gbé táyà, ríìmù, irin ìdúró ẹ̀rọ. Páànù bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti orí ọkọ̀ kò lè gba irú ìlù bẹ́ẹ̀. Bí yanrìn líle bá ń lu ìhà kan páànù tó tẹ́jú, ìhà náà yóò nà, páànù yóò sì ká, kò sì sí òòlù tí yóò tètè dá a padà. Ẹni tó bá gbọdọ̀ fẹ́ ohunkóhun lu páànù yóò dín agbára afẹ́fẹ́ kù, yóò mú ẹnu rọ́bà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kò sì ní í dúró sójú kan.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo iṣẹ́. Ẹ̀rún irin líle àti òkúta garnet wà fún ìpáàrà tó jinlẹ̀ lára irin tó nípọn. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí wẹ́wẹ́ wà fún alumíníọ̀mù, bí ilé kàbúrétọ̀ àti ìdérí ẹ̀rọ, nítorí pé ó ń fọ̀ ọ́ láìgé e. Ṣúkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ kúnná àti èèpo àsálà òkèèrè wà fún èédú àti ọ̀rá. Ọwọ́ wọn rọ̀, wọn kò sì lè jẹ ìpáàrà. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó pẹ̀lú wúlò: nígbà tí wọ́n tún ère ńlá Òmìnira ṣe ní New York, iṣẹ́ tó parí ní 1986, òun ni wọ́n fẹ́ lu inú rẹ̀ láti fi ṣí ọ̀dà dúdú àtijọ́ kúrò láìha bàbà tó fẹ́lẹ́.

Ìlànà iṣẹ́ náà kò ṣòro láti há sórí. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gíríìsì kúrò, nítorí yanrìn kì í mú òróró kúrò; ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ wọ ara irin. Kí wọ́n dí gbogbo ihò nọ́ọ̀tì àti ojú ibi tí bọ́ọ̀lù béárìn ń jókòó. Wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ sí inú ẹ̀rọ, nítorí ẹyọ yanrìn kan tó bá kù síbẹ̀ lè jẹ ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye náírà kò ní í tún ṣe. Kí wọ́n gbọn yanrìn kúrò nínú gbogbo ihò abẹ́ ìlẹ̀kùn. Èyí tó bá kù níbẹ̀ yóò gba omi dúró, ìpáàrà tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Lákòótán, irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ tuntun tí kò ní aṣọ lára. Ní àkókò òjò, ó lè pọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn. Kí wọ́n sì fi páráímà bò ó lọ́jọ́ náà gan-an.

ERUKU TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Irú yanrìn wo ni ó wà nítòsí tí kò sì wọ́n? Yanrìn odò ni, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú odò Ògùn tí wọ́n fi ń kọ́lé. Fún ilé kíkọ́, kò sí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n sílíkà ló pọ̀ jù nínú irú yanrìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ alágbára bá gbá a mọ́ irin, ẹyọ rẹ̀ yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí tí apá kan rẹ̀ yóò fi kéré ju ohun tí ojú lè rí. Eruku tí ojú ń rí, imú àti ọ̀fun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Èyí tí ojú kò rí ni ó ń lọ jìnnà. Yóò dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní í padà jáde. Ara yóò gbìyànjú láti bá a jà, ìjà náà yóò sì di àpá. Àpá yóò máa le, yóò máa tàn, títí ẹ̀dọ̀fóró kò fi ní í lè nà mọ́ láti gba afẹ́fẹ́.

Sílíkósìsì ni orúkọ àrùn náà. Kò sí oògùn tó lè mú àpá rẹ̀ kúrò. Ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Lára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ó máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó farahàn. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí ń fẹ́ yanrìn láìní ààbò, ó lè yọ ní ọdún díẹ̀, nígbà mìíràn kí ọdún tó yípo. Ní 1997, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku sílíkà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ.

Ayé ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1949, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ka fífẹ́ irú yanrìn bẹ́ẹ̀ lu irin léèwọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Túkì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti máa fẹ́ yanrìn lu ṣòkòtò jíǹsì, kí ó lè dà bí èyí tó ti ṣá, nítorí pé àṣà ìgbà náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó àrùn yìí. Àwọn kan kú ní èwe. Ní 2009 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ rò ó wò: ẹnìkan wọ ṣòkòtò tó wù ú fún ọdún kan, ó sì jù ú nù, ẹni tó ṣá a fún un kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́.

Eruku kò sì mọ ní ibi iṣẹ́. Ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọmọdé. Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta tí wọ́n ti ń yọ wúrà, nígbà mìíràn nínú ọgbà ilé wọn gan-an. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn òbí wọn ń wá. Nítorí náà, aṣọ iṣẹ́ tó kún fún eruku ọ̀dà kò gbọdọ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ mọ́ra.

Ta wá ni ó máa ń di ẹnu rọ́bà mú? Kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá, tó fi aṣọ gbígbó di imú. Aṣọ yẹn a máa dá eruku ńlá dúró. Kò dá èyí tó ń pani dúró. Bí ọkọ̀ tó ti lo àádọ́ta ọdún láyé bá wá gba ẹ̀mí ọ̀tun, tí ẹ̀mí ọmọ náà sì kúrú nítorí rẹ̀, kí ni wọ́n tún ṣe? Ìpáàrà kò kúrò níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé e láti ara irin lọ sínú àyà ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì tún bò ó mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ ỌWỌ́ LÈ KÁ

Ààbò kìíní ni kí wọ́n má ṣe fẹ́ yanrìn odò lu irin rárá. Kí ilé iṣẹ́ tó bá ní agbára ra garnet, ẹ̀rún irin tàbí dígí wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n lè kó jọ kí wọ́n sì tún lò. Fún ohun kékeré, kí wọ́n lo àpótí tó dé pinpin, tó ní gíláàsì lójú àti ìbọ̀wọ́ nínú, kí eruku má lè jáde. Fún ohun ńlá, ẹni tó di rọ́bà mú gbọdọ̀ wọ ìborí tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba inú rẹ̀ wọlé. Kí àwọn tó kù jìnnà. Kí wọ́n fi omi rin ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Kí òṣìṣẹ́ wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ kí ó tó lọ sílé. Òfin Ilé Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1987 pẹ̀lú ní kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ eruku.

Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní agbára yìí, ọ̀nà mìíràn wà tó lọ́ra ṣùgbọ́n tí kì í pani. Nọ́ọ̀tì àti irin kéékèèké ni wọ́n lè rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì. Ásíìdì inú rẹ̀ a máa tú ìpáàrà, wọn yóò sì fọ̀ ọ́, wọn yóò gbẹ ẹ́, wọn yóò fi òróró pa á. Irin tó tóbi díẹ̀ ni wọ́n lè fi iná bátìrì wẹ̀: wọn yóò da omi àti sódà ìfọṣọ sínú ike ńlá, wọn yóò so irin tó dógùn-ún mọ́ okùn òdì láti ara ẹ̀rọ tí ń rọ iná sí bátìrì, wọn yóò sì so àlòkù irin lásán mọ́ okùn kejì. Kí wọ́n ṣe é ní gbangba, kí iná má sún mọ́ ọn, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè gbiná. Kí wọ́n má sì lo irin tí kì í pọ́n, nítorí omi rẹ̀ yóò di májèlé. Páànù tó fẹ́lẹ́, sáńpépà tí wọ́n fi omi rẹ àti sùúrù ni ó bá a mu.

Ọ̀nà wọ̀nyí yóò mú kí iṣẹ́ pẹ́, owó yóò sì lé. Kí ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òun kò lè san án, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Owó tó bá bọ́ lọ́wọ́ nítorí òtítọ́, Ọlọ́run mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá ti di àpá, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

IṢẸ́ IRIN ÀNÁBÌ DÁÚDÀ

Nínú Súrà Sabaʾ, Alukuraani mẹ́nu ba Ànábì Dáúdà, ẹni tí Ọlọ́run rọ irin fún. Ẹ̀wù irin ni ó ń ṣe, èyí tí àwọn jagunjagun ń wọ̀ kí ọ̀tá má baà gún wọn. Ọlọ́run kò kàn fún un ní irin kí Ó sì dákẹ́. Ó pa á láṣẹ pé kí ó ṣe ẹ̀wù náà kún, kí ó wọn òrùka rẹ̀ dọ́gba, kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì máa ṣe rere. Ànábì ni, ọba ni, síbẹ̀ a pa á láṣẹ lórí bí òrùka irin kan yóò ṣe bá èkejì mu. Òrùka kan tí kò bá rí bí ó ti yẹ, ibẹ̀ ni ọ̀kọ̀ yóò gbà wọlé.

Ààbò ẹ̀mí ni iṣẹ́ irin láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí náà, amánà mẹ́ta ló wà lọ́rùn ẹni tí ń sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀tun. Ti ẹni tó ni ọkọ̀ ni kí ó mọ òtítọ́ nípa ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Ti ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ náà lọ́la ni kí irin tó gbé e jẹ́ irin. Ti ọmọ iṣẹ́ ni kí ó parí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èémí tí ó bá wá. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ má ṣe béèrè iye owó àti iye ọdún nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ yóò máa fà símú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ di rọ́bà mú láìsí ìborí, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé rárá. Kì í ṣe àfojúdi. Ìlera loògùn ọrọ̀, amánà Ọlọ́run sì ni ara.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a kó ìpáàrà pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà, yálà lára irin tàbí lára ìwà. Kí Ó ṣọ́ èémí àwọn ọmọ wa. Àmín.